Adìẹ Tí A Gbé Wá

Nínú ìtàn ìwáṣẹ̀ tí a ń pa ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ̀wọ̀n gígùn, iyẹ̀pẹ̀ inú ìkarahun ìgbín àti adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀run. Àwọn kan ní Ọbàtálá ni a kọ́kọ́ rán. Àwọn mìíràn ní Odùduwà ni. Ẹnu kò kò lórí ìyẹn, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni ó mọ̀ pé adìẹ ni ó tan ilẹ̀ ká. Ìbéèrè tí a kì í sábà bèèrè ni èyí: báwo ni ẹni tí ó di ẹ̀wọ̀n mú ṣe gbé adìẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi rọ? Adìẹ arọ kò lè tan ilẹ̀.

Ìbéèrè náà kì í ṣe àwàdà. Adìẹ kì í ṣe ẹyẹ ilẹ̀ Áfíríkà rárá. Ẹyẹ igbó gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà ni baba ńlá rẹ̀, kò sì fò wá. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí egungun adìẹ ní Kirikongo, ní Burkina Faso, tí ó ti ju 1,000 ọdún lọ dáadáa. A kò sì lè sọ pé ẹyin ni wọ́n ń gbé rìnnà jíjìn, nítorí ẹyin tí ó bá pẹ́ jù láìsí ìsàba kò ní pa mọ́. Adìẹ ààyè ni wọ́n gbé, láti ọwọ́ dé ọwọ́, láti ìlú dé ìlú.

Iṣẹ́ ọpọlọ sì ni. Adìẹ kì í làágùn. Ẹnu ni ó fi ń mí ooru jáde, nítorí náà àgò tí a fi imọ̀ ọ̀pẹ hun, tí afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá, sàn ju àpò lọ fíìfíì. Òru ni à ń kó wọn, nígbà tí wọ́n ti wọ̀, tí wọn kò lè jà. Ìdájí ni à ń gbéra, kí oòrùn tó mú. Àwọn tí ń so ẹsẹ̀ adìẹ pọ̀, tí wọ́n ń dorí rẹ̀ kodò lọ sọ́jà, ìyẹn tọ́ sí adìẹ ọbẹ̀, kò tọ́ sí adìẹ tí a fẹ́ kó gbélé.

Mo rò pé èyí ni ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí ń ṣí lọ àti ẹni tí ń sá lọ. Ogun tú Ọ̀yọ́-Ilé ká ní nǹkan bí 1837. Ta ni yóò ru àkùkọ wọ igbó lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, kí ó kọ lóru kí ó sì tú àṣírí agboolé? Adìẹ inú àgò jẹ́ ẹ̀rí pé ẹni tí ó rù ú ráyè dágbére.

Bí wọ́n bá dé, ẹsẹ̀ kan ni adìẹ àkókódé fi ń dúró. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni a ó fi so ó mọ́ ẹ̀yìnkùlé fún ọjọ́ mélòó kan, a ó máa da àgbàdo sílẹ̀ fún un lójú kan náà. Ìrọ̀lẹ́ ni ó dára kí a tú u, nígbà tí àyè ìrìn kò pọ̀ mọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, tí yóò sì wá ibi tí ó ti ń jẹun láti wọ̀ sí.