Iṣi àti Baali: Ẹjọ́ Hóséà

Ẹni tó bá ṣí Hóséà orí 2, ẹsẹ 16, nínú Bíbélì Yorùbá àtijọ́, á bá ọ̀rọ̀ méjì níbẹ̀ tí wọn ò túmọ̀: Iṣi àti Baali. Ọlọ́run ní kí Ísírẹ́lì máa fi èkíní pe òun, kó sì jáwọ́ nínú èkejì. Ọ̀pọ̀ wa ti kà á kọjá ní ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀.

"Ọkọ mi" ni Iṣi. "Ọkọ mi" náà ni Baali, ṣùgbọ́n ọkọ tó jẹ́ ẹni tó ni mí. Baal ni Hébérù ń pe ẹni tó ni ilé àti ẹni tó ni màlúù, òun náà ló ń pe ọkọ ìyàwó. Ẹni tó bá ti gbọ́ tí obìnrin wa pe ọkọ rẹ̀ ní "olówó orí mi", kò ní pẹ́ yé e. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni orúkọ òrìṣà òjò àwọn ará Kénáánì, nílẹ̀ tí kò ní odò ńlá bíi ti Íjíbítì. Àgbẹ̀ tó bá ké "Baali" lóko, ta ló ń pè?

Ẹ má rò pé kèfèrí nìkan ló ń jẹ́ orúkọ náà o. Jagunjagun Dáfídì kan ń jẹ́ Bealíà, ìyẹn "Yáhwè ni Báálì". Ọmọ Sọ́ọ̀lù tó ń jẹ́ Eṣibáálì nínú Kíróníkà Kìíní ti di Iṣibóṣẹ́tì nínú Sámúẹ́lì Kejì. Ìtìjú ni bóṣẹ́tì. Àwọn akọ̀wé ń tún orúkọ òkú sọ! Lórí àpáàdì tí wọ́n hú ní Samáríà ní 1910, àkọsílẹ̀ wáìnì àti òróró, orúkọ tó ní Báálì nínú àti èyí tó ní Yáhwè nínú jọ wà níbẹ̀.

Wáìnì àti òróró yìí gan-an ni Hóséà ń bá wọn jà lé lórí, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹjọ ṣáájú ìbí Kristi. Ó ní ìyàwó kò mọ̀ pé ọkọ ló ń fún òun ní ọkà. Lójú tèmi, ibẹ̀ ló ti ń dùn ún jù: kéèyàn máa jẹun ọkọ, kó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ àlè. Ìdí nìyẹn tó fi pe ìbọ̀rìṣà ní àgbèrè. Jeremáyà àti Ìsíkíẹ́lì gba àfiwé yìí lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó yá. Ti Ìsíkíẹ́lì tilẹ̀ le débi pé ẹnu ń kọ̀ ọ́ láti kà sétí ọmọdé.

Mo ti gbọ́ ìwàásù tí wọ́n fi orí 2 yìí na àwọn ìyàwó ilé ní pàṣán. Wọ́n gbàgbé pé orílẹ̀-èdè ni "ìyàwó" yẹn, tọba tàlùfáà. Àní Hóséà fúnra rẹ̀ sọ pé Ọlọ́run ò ní fìyà jẹ àwọn ọmọbìnrin tó ṣàgbèrè, torí àwọn ọkùnrin wọn gan-an ló ń bá aṣẹ́wó lọ sí kọ̀rọ̀. Orí 4, ẹsẹ 14, ló wà.