Ta ni ó kọ ìwé Nancy Drew?

Bí a bá mú ìwé kan lọ́wọ́, a máa ń wo orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn ìwé kan wà tí orúkọ Carolyn Keene wà lára wọn. Kò sí ẹni tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá.

Ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 1930 ni mẹ́ta àkọ́kọ́ jáde. Àwọn ọmọbìnrin ni wọ́n kọ wọ́n fún. Nancy Drew, ọmọ ọdún 16, ni ìtàn náà dá lé. Ìyá rẹ̀ ti kú. Agbẹjọ́rò ni bàbá rẹ̀. Ó ń wa mọ́tò fúnra rẹ̀, ó sì ń tú àṣírí tí ó ta àwọn àgbà lójú pọ̀.

Nínú ìwé kìíní, bàbá arúgbó kan kú. Ìdílé olówó kan fẹ́ kó gbogbo ogún rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá náà ti kọ ìwé mìíràn, ó pín ogún fún àwọn tálákà tí wọ́n ṣe é lóore. Níbo ni ìwé náà wà? Nancy wá a títí. Inú aago àtijọ́ kan ni ó ti rí ìwé kékeré tí ó sọ ibi tí wọ́n fi pamọ́ sí. Kò sí ọ̀rọ̀ àlùfànṣá níbẹ̀, nítorí náà àwọn òbí ń rà á fún ọmọ wọn láìfòyà.

Oníṣòwò ìwé kan, Edward Stratemeyer, ni ó dá orúkọ Carolyn Keene sílẹ̀. Òun a ro ìtàn, a kọ kókó rẹ̀ sílẹ̀, a sì gbé e fún ẹlòmíràn kí ó kọ ọ́ kún. Ẹni tí ó kọ mẹ́ta àkọ́kọ́ ni Mildred Wirt, obìnrin ará Iowa, ọmọ ọdún 24. Dọ́là 125 ni wọ́n san fún un lórí ìwé kan. Ó fọwọ́ sí àdéhùn pé òun kò ní gba owó mọ́, bí ó ti wù kí ìwé náà tà tó, òun kò sì ní sọ pé òun ni òun kọ ọ́. Ìwé náà tà bí omi. Nígbà tí ọ̀wọ́n owó dé, wọ́n ní àwọn yóò san 75. Mildred kọ̀, ọkùnrin kan ni ó kọ mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé e. Síbẹ̀ ó padà. Nínú 30 àkọ́kọ́, 23 ni tirẹ̀.

Stratemeyer kú ní ọjọ́ 12 péré lẹ́yìn tí ìwé náà jáde. Ọmọ rẹ̀, Harriet Adams, ń sọ fún ayé nígbà tó yá pé òun ni Carolyn Keene. Láti ọdún 1959 ni Harriet ti bẹ̀rẹ̀ sí tún àwọn ti àtijọ́ kọ, nítorí wọ́n bú ènìyàn dúdú nínú wọn. Nínú ìwé kìíní, ọ̀mùtí ni ọkùnrin dúdú tí ń ṣọ́ ilé. Wọ́n sọ ọ́ di òyìnbó. Ó dára kí èébú kúrò, àmọ́ wọn kò fi ènìyàn dúdú ọlọ́gbọ́n kan rọ́pò rẹ̀: ńṣe ni wọ́n lé e jáde nínú ìtàn. Wọ́n tún gé ìwé náà kúrú, Nancy sì di ọmọ ọdún 18. Ìyá tí ó bá lọ ra ìwé ìgbà èwe rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, ìwé mìíràn ni ó rà. Ọdún 1991 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí tún ti àtijọ́ tẹ̀.

Ní ọdún 1980, àwọn tí ń tẹ ìwé náà bá ara wọn dé ilé ẹjọ́ ní New York. Wọ́n pe Mildred wá jẹ́rìí. Ibẹ̀ ni ó ti sọ ọ́ ní gbangba pé òun ni òun kọ wọ́n. Ní ọdún 1993, yunifásítì tí ó ti kàwé ní Iowa pe àwọn ènìyàn jọ láti yẹ́ ẹ sí. Oníwèé ìròyìn ni ní ìlú Toledo. Ní ọdún 2002, ní ọmọ ọdún 96, ó lọ síbi iṣẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ọjọ́ náà ni ó kú.