Káàdì Alájọ àti Káàdì Báńkì: Ìtàn Àwìn ní Ṣómólú àti Bàríga

Bí Yorùbá bá fẹ́ yin ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ pé, wọ́n á ní orí rẹ̀ pé bíi ti alájọ Ṣómólú, tó gba àjọ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, tí kò sì ṣi owó ẹnikẹ́ni san. Àwọn kan rò pé àlọ́ ni, àmọ́ èèyàn gidi ni. Alphaeus Taiwo Olunaike lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ọdún 1915 ni wọ́n bí i, iṣẹ́ aránṣọ ló kọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àjọ ní 1954, ó sì papò dà ní 2012. Ìyìn náà tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi ń yìn ín yẹn gan-an, pé kò kọ ọ́ sílẹ̀, yẹ ní wíwò dáadáa, torí ibẹ̀ ni a ti lè rí ìdí tí ọmọ Ṣómólú tàbí Bàríga ní Èkó tó ń wá káàdì àwìn àkọ́kọ́ fi ń dà bí àlejò níwájú báńkì. Kì í ṣe pé àwọn èèyàn yìí kò mọ gbèsè san. Ẹ̀rí pé wọ́n ń san án ni kò kúrò ládùúgbò rí.

Kí ni báńkì ì bá ṣe fún aláta tàbí télọ̀ nígbà tí Olunaike bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àjọ? Bank of British West Africa, tó ti wà ní Èkó láti 1894, àwọn oníṣòwò òyìnbó ló ń bá ṣe jù. National Bank tí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa dá sílẹ̀ ní 1933 àti Agbonmagbe Bank ti 1945 gbìyànjú láti ṣílẹ̀kùn fún àwọn aláwọ̀ dúdú, àmọ́ ẹni tí èrè òòjọ́ rẹ̀ kò ju kọ́bọ̀ díẹ̀ lọ kò lè máa pa ọjà tì lójoojúmọ́ kó lọ tò síbẹ̀. Alájọ ló ń wá bá a nídìí àtẹ. Iye kan náà ni yóò máa dá lójúmọ́, tí oṣù bá pé alájọ á kó gbogbo rẹ̀ fún un, á sì mú ti ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Èyí ló ṣàlàyé ìtàn tí wọ́n ń sọ pé Olunaike ta mọ́tò rẹ̀ tó fi ra kẹ̀kẹ́. Àwọn tó gbọ́ ọ lókèèrè ń wò ó bí ẹni tó ń rẹ̀yìn, àmọ́ mọ́tò kò lè wọ àwọn ọ̀nà tóóró tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń gbé, kẹ̀kẹ́ sì ń wọ̀ ọ́. Ẹni tó fẹ́ mọ ìwà oníbàárà ní láti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé ìfowópamọ́ ni àjọ, kì í ṣe àwìn, àti pé alájọ gan-an ni oníbàárà ń yá lówó títí oṣù fi parí. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó ń dá owó láìyẹsẹ̀ lè bẹ alájọ kó gba owó ṣáájú ìparí oṣù, bẹ́ẹ̀ ni alájọ ń fún àwọn kan, tí kò sì fún àwọn kan. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì yìí ni ohun tí báńkì òde òní ń pè ní ìtàn àwìn. Èsúsú, níbi tí ẹgbẹ́ ti ń dáwó jọ tí ẹnìkan sì ń kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tilẹ̀ fi í hàn kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tó kọ́kọ́ kó o ti jẹ gbogbo ẹgbẹ́ ní gbèsè. Samuel Johnson sọ̀rọ̀ nípa àṣà yìí nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó parí ní 1897, nígbà tí William Bascom sì kọ̀wé lé e lórí ní 1952, lẹ́yìn tó ti ṣe ìwádìí ní Ifẹ̀, ètò àwìn ló pè é. Àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà pẹ̀lú máa ń ta aṣọ láwìn kiri nígbà kan rí, wọn a sì lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tí kò san títí owó á fi jáde. Ní Ṣómólú, tí iṣẹ́ ìtẹ̀wé ti gbilẹ̀, àwìn kò ṣàjèjì: atẹ̀wé a gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà, a sì lọ gba pépà lọ́wọ́ ẹni tó gbà á gbọ́, kó tó rí ìyókù owó náà gbà. Láàárín àwọn Ìlàjẹ tó ń pẹja ní etí ọ̀sà Bàríga náà, obìnrin tó ń gba ẹja láàárọ̀ tó sì ń san owó rẹ̀ lálẹ́ ní láti ní orúkọ rere.

Orúkọ yẹn ni kò ṣe é gbé lọ sí ibòmíràn. Alájọ mọ̀ ọ́n, ọjà mọ̀ ọ́n. Bí onítọ̀hún bá kó lọ sí Agége, àtìbẹ̀rẹ̀ ni. Bí alájọ bá kú, ẹ̀rí bá a lọ. Káàdì àjọ tí ó ní àpótí mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tí wọ́n ń fàmì sí lójúmọ́, dára ju orí lásán lọ, àmọ́ kò sí ilé-iṣẹ́ tó ń kà á. Ìjọba wa ti gbìyànjú: nọ́ńbà ìdánimọ̀ báńkì (BVN) dé ní 2014, òfin ìròyìn gbèsè sì jáde ní 2017, èyí tó fún oníbàárà láṣẹ láti wo ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ kó sì ta kò ó. Àkọsílẹ̀ báńkì ni àwọn ètò yìí ń kó jọ ní pàtàkì, wọn kò ka àpótí alájọ. Bí ọmọ Bàríga bá wá dé London tàbí Houston, á tún bá nǹkan kan náà pàdé: ó ti san owó fún ogún ọdún, àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì ṣófo bíi ti ọmọ tuntun. Ṣùgbọ́n kò di dandan kó rí bẹ́ẹ̀. Ní San Francisco, ilé-iṣẹ́ Mission Asset Fund ń ṣe èsúsú láàárín àwọn tó ṣí wọ̀lú, wọ́n sì ń fi sísan owó kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣàkójọ ìtàn gbèsè. Ohun tí bàbá Ṣómólú fi sórí ni wọ́n fi sínú ìwé, èsúsú náà kò sì tìtorí ẹ̀ bàjẹ́.

Àtakò tó wúwo jù ni pé ìwé lè di ìdè. Àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù ti fi nọ́ńbà ẹbí àti ọ̀rẹ́ dójú ti ẹni tí kò tètè san, títí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, fi gbé ìlànà jáde fún wọn ní 2022. Ìbínú àwọn èèyàn sí èyí tọ́, mo sì bá wọn bínú. Àmọ́ ìtìjú kò wá pẹ̀lú ìwé. Òṣómàáló tó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà kò kọ nǹkan kan tí onígbèsè lè kà kó sì ta kò. Àkọsílẹ̀ tó lófin ń jẹ́rìí sí rere náà, nígbà tí ariwo ẹnu ọ̀nà kì í sọ ju pé lágbájá jẹ gbèsè.

Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ yan káàdì àkọ́kọ́, ẹ̀bùn tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀ kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ wò. Kó béèrè bóyá báńkì náà ń fi ìròyìn sísan ránṣẹ́ lóṣooṣù. Káàdì tí a ń fi owó tiwa ṣe ìdúró fún, èyí tó wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà, kò yàtọ̀ púpọ̀ sí àjọ: owó wa ló wà nílẹ̀, sísan wa ni wọ́n ń wò. Káàdì ATM lásán ní tiẹ̀, owó wa náà ló ń ná, kò sì kọ ìtàn àwìn kankan. Kí iye tó fẹ́ máa ná lórí rẹ̀ kéré, kó sì san gbogbo rẹ̀ kí oṣù tó yí, kí èlé má baà gorí rẹ̀. Aláta Bàríga ti mọ gbogbo èyí láti ọjọ́ tó ti ń dájọ. Ní ìparí oṣù, bó bá ti kó owó rẹ̀ tán, á ju káàdì tí àmì kún inú rẹ̀ nù, á sì gba òmíràn tí àpótí rẹ̀ ṣófo.