Ẹni tí kò ní ẹ̀sìn ní Bẹ̀nẹ̀: kí ni òfin sọ, kí ni ẹbí ń sọ?

Ní ilẹ̀ wa, bí èèyàn bá sọ pé òun kì í ṣe Ìmàle, òun kì í ṣe Kìrìsìtẹ́nì, wọ́n á bi í pé: "Ṣé òrìṣà lo wá ń bọ?" Bó bá ní òun ò bọ òrìṣà náà, ọ̀rọ̀ á rú wọn lójú. Bẹ́ẹ̀ sì ni irú àwọn èèyàn yìí wà. Nínú ìkànìyàn tí wọ́n ṣe ní Bẹ̀nẹ̀ lọ́dún 2013, ìdá 5,8 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àwọn ò ní ẹ̀sìn kankan. Àwọn tó ń bọ Vodun jẹ́ ìdá 11,6, wọ́n sì kà wọ́n sí ọ̀tọ̀. Aborìṣà kì í ṣe aláìlẹ́sìn o: ó ní ẹ̀sìn tirẹ̀.

Kí a má da orúkọ pọ̀

Ẹni tí kò gbà pé Ọlọ́run wà ni àwọn Faransé ń pè ní athée. Ẹni tó ní òun ò mọ̀ bóyá Ó wà tàbí kò sí ni agnostique. Àwọn mìíràn gba Ọlọ́run gbọ́, àmọ́ wọn ò sí nínú ìjọ kankan. "Kèfèrí" àti "aláìgbàgbọ́" tí a máa ń pè wọ́n kò fi ìyàtọ̀ yìí hàn; ẹni tí kò sí nínú ẹ̀sìn tiwa ni a sábà máa ń fi pè.

Ohun tí òfin sọ

Òfin gíga Bẹ̀nẹ̀ ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá 1990 sọ ní abala 2 pé orílẹ̀-èdè laïque ni. Abala 23 fún olúkúlùkù ní òmìnira èrò, ẹ̀rí-ọkàn àti ẹ̀sìn. Laïque kò túmọ̀ sí pé ìjọba kọ Ọlọ́run. Ó túmọ̀ sí pé ìjọba kò ní ẹ̀sìn tirẹ̀, kò sì gbọdọ̀ fipá mú ẹnikẹ́ni ṣe ọ̀kan. Tógò náà jẹ́ laïque.

Síbẹ̀, Ọlọ́run ò kúrò nínú òfin náà. Ìbúra Ààrẹ, ní abala 53, dárúkọ Ọlọ́run àti ẹ̀mí àwọn baba ńlá. Lọ́dún 1996, Mathieu Kérékou fo ti àwọn baba ńlá nígbà tó ń búra. Cour constitutionnelle ní ìbúra náà kò pé, ó sì ní láti tún un ṣe. Ẹni tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ lè dìbò, ó lè ṣiṣẹ́ ọba, àmọ́ bó bá di Ààrẹ, ọ̀rọ̀ yẹn náà ni yóò sọ.

Ibi tó ti le: inú ẹbí

Ìjọba kọ́ ló máa ń dà á láàmú, ẹbí ni. Ìgbéyàwó ṣì rọrùn díẹ̀, torí ti mairie ni òfin mọ̀. Ìkómọ ńkọ́? Ìsìnkú ńkọ́? Bí èèyàn bá kú láìsọ nǹkan kan, ẹbí ni yóò pinnu bóyá àlùfáà, ààfáà tàbí àwọn àgbà ilé ni yóò sin ín. Ó dáa kó ti sọ ohun tó fẹ́ fún àwọn àgbà nígbà tó wà láàyè, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì fi lé ẹni tó fọkàn tán lọ́wọ́.

Ẹ̀rù tó ń ba ẹbí jù ni pé ẹni tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run lè hu ìwàkíwà. Ẹ wo Tai Solarin ní Ìkẹ́nnẹ́, ní Nàìjíríà. Kò fi pa mọ́ pé òun ò gba Ọlọ́run gbọ́. Lọ́dún 1956 ló dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀, àwọn Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì sì ń fi ọmọ wọn síbẹ̀. Yorùbá ní ìwà lẹ̀sìn. Kí a tó lé ọmọ wa kúrò nílé torí pé kò kírun tàbí kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìwà rẹ̀.