Ìwé Àṣẹ Ọtí
Ìwé àṣẹ ọtí, tí àwọn ọlọ́tí Igbó-Ọrà àti Èrúwà ń pè ní láísẹ́ńsì, ni ìwé tí ìjọba fi ń gbà kí ẹnìkan máa ta ọtí ní ojúkò kan pàtó. Àfikún Kẹrin ìwé òfin Nàìjíríà ọdún 1999 ló fi àṣẹ yìí sí ìkáwọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ìyẹn ni pé ẹni tó bá fẹ́ ṣí ilé ọtí tó ti kógbá sílé ní Èrúwà, ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Ìbàràpá Ìlà-Oòrùn ni yóò gbé ìwé ìbéèrè rẹ̀ lọ, tí ará Igbó-Ọrà yóò sì lọ sí ti Ìbàràpá Àárín Gbùngbùn. Nítorí pé ẹni àti ojúkò ni ìwé náà dárúkọ pọ̀, ẹni tó gba kọ́kọ́rọ́ ilé ọtí lọ́wọ́ ẹlòmíràn kò tíì gba àṣẹ.

Òfin ọtí ayé òyìnbó ya ọtí ìbílẹ̀, irú bí ẹmu tó ń hó nínú agbè, sọ́tọ̀ kúrò lára ọtí òkèèrè. Ògógóró, ọtí tí wọ́n ń sè láti ara ẹmu, kò rí irú ààyè bẹ́ẹ̀: àdéhùn Saint-Germain ti ọdún 1919 lórí òwò ọtí ní Áfíríkà ka sísè rẹ̀ léèwọ̀, ìwà ìrẹ́jẹ gbáà, níwọ̀n ìgbà tí jíìnì òyìnbó ń wọlé pẹ̀lú owó ibodè, tí wọ́n sì ń mú ẹni tó sè ògógóró nílé bí ọ̀daràn.