Nẹ́gẹ́tíìfù àti Fọ́tò, Raw àti JPEG: Ìpamọ́ Àwòrán Ojú Ilẹ̀ Ọ̀fà gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀rí Ìtàn

1.0 Ìfáárà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ka ọ̀rọ̀ raw àti JPEG sí àríyànjiyàn àwọn ayàwòrán nìkan. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ òpìtàn ni pẹ̀lú, àti pé ó ti wà nílẹ̀ kí kámẹ́rà dìjítà tó dé. Ìlú Ọ̀fà ní Ìpínlẹ̀ Kwara jẹ́ àpẹẹrẹ rere. Ojú irin tó dé Òṣogbo ní 1907 gba Ọ̀fà kọjá dé Ìlọrin ní 1908. Ní 1992 ni a dá ilé-ẹ̀kọ́ Pólì ti ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Méjèèjì ló yí ojú ilẹ̀ ìlú náà padà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ó ti rí tẹ́lẹ̀ yóò bèèrè àwòrán.

2.0 Ìpìlẹ̀ Ọ̀rọ̀

Àwòrán tí Daguerre fi han aráyé ní 1839 kò ní nẹ́gẹ́tíìfù. Ẹyọ kan ṣoṣo ni. Talbot, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gba àṣẹ lórí ọ̀nà onínẹ́gẹ́tíìfù tirẹ̀ ní 1841. Ansel Adams ya òṣùpá lókè abúlé Hernandez ní Amẹ́ríkà ní 1941. Léraléra ló tún un tẹ̀, ojú ọ̀run sì ń dúdú sí i nínú àwọn ti ìkẹyìn. Nítòsí ilé, S. O. Alonge dá Ideal Photo Studio sílẹ̀ ní ìlú Benin ní 1942, ó sì tọ́jú nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀. Ó kú ní 1994. Ní 2014 a ṣí ìfihàn iṣẹ́ rẹ̀ ní Washington. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní omi ló dànù, agbè kò fọ́. Fọ́tò lè ṣá. Bí nẹ́gẹ́tíìfù bá wà, omi ṣeé tún bù.

3.0 Ìyàtọ̀ Méjèèjì

Ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí kámẹ́rà gbà ni raw ń pa mọ́, ní bit 12 tàbí 14, èyí tó jẹ́ ìpele 4,096 tàbí 16,384. JPEG, tí a fọwọ́ sí ìlànà rẹ̀ ní 1992, ń lo bit 8, ìpele 256 fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó ń pín àwòrán sí ìgún kéékèèké, 8 ní ìbú, 8 ní òró, ó sì ń da ohun tí ojú kì í tètè rí nù. Nígbà ọyẹ́, eruku a máa sọ òfuurufú Ọ̀fà di funfun. JPEG lè pa eruku àti àwọsánmà pọ̀ di ọ̀kan. Raw ṣì lè yà wọ́n sọ́tọ̀, àfi bí ìmọ́lẹ̀ bá ti pọ̀ ju agbára kámẹ́rà lọ.

4.0 Àwíjàre JPEG

Síbẹ̀, fáìlì JPEG kéré, ibi gbogbo ló sì ń ṣí. Raw ti Canon yàtọ̀ sí ti Nikon; nítorí irú èyí ni Adobe ṣe gbé DNG jáde ní 2004. Àpótí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọnù kò yàtọ̀ sí àpótí òfìfo. Bákan náà, JPEG tí ayàwòrán fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe jẹ́rìí sí bí ojú tirẹ̀ ti rí ilẹ̀ náà lọ́jọ́ náà.

5.0 Àgbálọgbábọ̀

Kì í ṣe yíyan ọ̀kan kí a da èkejì nù ló yẹ òpìtàn. Raw ni agbè, JPEG ni omi tí a bù fún àlejò mu. Ìlú tó bá pa omi nìkan mọ́ kò ní rí ìdáhùn sí ìbéèrè tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò tíì bèèrè.