Ọ̀pá Tí Kò Ṣe Wẹ́kú

Ihò méjì ló wà létí ọ̀pá èéfín tuntun náà, bóòtù méjì ló sì yọrí síta lára ẹ́ńjìnnì tó yẹ kó gbà á. Ọ̀kan wọlé, èkejì kọ̀. Ohun tó kù kí wọ́n fi ṣe wẹ́kú kò ju ìbú hóró ìrẹsì kan lọ. Alùpùpù àbúrò mi ni, Bajaj Boxer tó fi ń kó ẹrù wá sọ́jà ní Ìsẹ́yìn. Ìpẹtà ti jẹ ọ̀pá ti àkọ́kọ́, èyí tí a sì rà dípò rẹ̀, ti irú ọ̀kadà mìíràn ni. Mo ti ń ro owó ọkọ̀ tí a ó fi lọ dá a padà nígbà tí ọ̀gá mẹ́káníìkì gbà á lọ́wọ́ mi, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ jókòó, Tíṣà. Fáìlì á bá a sọ ọ́."

Ó rin ihò náà títí tó fi kúrò ní roboto, tó di gbọọrọ bí ojú abẹ́rẹ́ àpò. Bóòtù wọlé. Lẹ́yìn náà ló ní kí ọmọ iṣẹ́ mú gásíkẹ́ẹ̀tì, òrùka bàbà tó máa ń wà láàárín ọ̀pá àti ẹ́ńjìnnì, wá. Wọ́n ti lo òrùka yìí rí, ó ti le gbandi. Wọ́n sun ún nínú iná títí tó fi pọ́n, wọ́n jù ú sómi, ó dún ṣìì. Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé kò ní le sí i báyìí?" Ó ní, "Irin nìyẹn, Tíṣà. Bàbà tó bá ti pọ́n nínú iná, rírọ̀ ló ń rọ̀." Ó jù ú sí mi lọ́wọ́. Mo tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀. Irin líle tí alágbẹ̀dẹ bá ti inú iná tì bọ omi a túbọ̀ le. Bàbà ní tirẹ̀, iná ló ń tú u lára. Omi kàn ń jẹ́ kó tètè tutù ni.

Ìṣòro tún wà ní ìdí ọ̀pá náà. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ ju ẹnu sàìlẹ́ńsà tó fẹ́ wọ̀ lọ. Ọ̀gá gé agolo mílíìkì, ó wé e mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mẹta, ó fi òòlù rọra gbá a, ó fi kílípù fún un. Agolo ọtí wà nílẹ̀ níbẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Alumíníọ̀mù ni, a sì máa yọ́ ní 660 ìwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì; irin ni agolo mílíìkì, irin kì í sì í yọ́ títí ooru yóò fi ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ.

Ṣùgbọ́n etí mi ló ṣiṣẹ́ jù lọ́jọ́ náà. "Wé e. Fún un dáadáa. Há a síbẹ̀. Má jẹ́ kó mí." Báyìí ni ọ̀gá ṣe ń darí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà lẹ́nu rẹ̀, Yorùbá ni. Àwọn ọ̀rọ̀-orúkọ ló yá: sàìlẹ́ńsà, kílípù, bóòtù, gásíkẹ́ẹ̀tì. Mo gbà pé ibẹ̀ gan-an ni àwa tí a ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ti ń ṣìnà. Ọ̀rọ̀-orúkọ Gẹ̀ẹ́sì la máa ń dojú kọ, a ó wá jókòó sínú yàrá, a ó máa wá èyí tó jọ ọ́. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe ni Yorùbá fi ń bí ọ̀rọ̀-orúkọ, àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe náà sì wà nílẹ̀ nínú ìsọ̀, epo ló kàn yí wọn lára.

Ẹ gbọ́ bí àwọn tó ṣáájú wa ṣe ṣe é. Ọkọ̀ tó ń yọ́ rìn, wọ́n pè é ní ayọ́kẹ́lẹ́. Èyí tó ń lu pù-pù-pù bọ̀ lókèèrè, wọ́n pè é ní alùpùpù. Wọn ò béèrè ohun tí Òyìnbó ń pè é, etí ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ohùn tó ń ti ọ̀pá èéfín jáde ló sì fún ẹ̀rọ náà lórúkọ. Ó dùn mí pé ohun tó ń tọ́jú ohùn yẹn gan-an kò rí orúkọ gbà lọ́wọ́ wa.

Ohun tí sàìlẹ́ńsà túmọ̀ sí lédè Gẹ̀ẹ́sì ni ohun tó ń pa nǹkan lẹ́nu mọ́. Ẹni tó bá túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti purọ́, nítorí kò sí alùpùpù elépo tó ń dákẹ́. Inú sàìlẹ́ńsà kì í ṣe òfìfo. Ògiri irin pẹlẹbẹ oníhò ló wà níbẹ̀. Ohùn á máa ta lù wọ́n, á máa pẹ́kọrọ, agbára rẹ̀ á ti dín kù kó tó jáde. Kí là ń sọ fún ọmọ tó bá ń pariwo nígbà tí bàbá rẹ̀ ń sùn? "Rẹ ohùn rẹ sílẹ̀." Arẹhùnsílẹ̀ ni mo fẹ́ pè é.

Ibi ìsopọ̀ ló fún mi níṣẹ́. Bí fáwẹ̀lì méjì bá forí gbárí lédè wa, ọ̀kan a sábà yẹ̀ fún èkejì; ìpajẹ là ń pè é. Nínú amóhùnmáwòrán, mú àti ohùn di móhùn: ti ọ̀rọ̀-ìṣe ló lọ. Bí mo bá tẹ̀ lé ìyẹn, arohùnsílẹ̀ ni ì bá jẹ́, ẹni tó bá gbọ́ ọ á sì máa wá ẹni tó ń ro oko. Mo wá tẹ̀ lé rẹra sílẹ̀, níbi tí rẹ ti dúró digbí.

Mi ò ní fọwọ́ kan bóòtù àti gásíkẹ́ẹ̀tì o. Wọ́n ti wọ ẹnu wa, wọ́n sì ṣe rẹ́gí. Àwọn onímọ̀ èdè náà ń lo fáwẹ̀lì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpajẹ, kò sì sí ìjà. Àwọn àgbà wa ti ṣe Èdè-Ìperí Yorùbá fún ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ẹ̀kọ́ kíkọ́: Ayọ̀ Bámgbóṣé ni olóòtú apá kìíní ní 1984, Ọládélé Awóbùlúyì ni ti apá kejì ní 1990. Ìsọ̀ mẹ́káníìkì yẹ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ọmọ iṣẹ́ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè mọ ohun tó ń tú àti ìdí tó fi wà níbẹ̀.

Wọ́n ta alùpùpù náà, ó dáhùn. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na àtẹ́lẹwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìsopọ̀ láì fara kàn án, ó ń wá afẹ́fẹ́ gbígbóná. "Kò mí mọ́." Mo bi í léèrè ohun tó ń pe agolo tó wé mọ́ ọn.

"Mi ò pè é ní nǹkan kan, Tíṣà. Ohun tí a fi há àárín wọn ni."

Ohun tí a fi ń gbá ilẹ̀ ni ìgbálẹ̀, ohun tí a fi ń dé orí ìkòkò ni ìdérí. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, mo sì kà á sí i létí: ìháàárín. Ó pè é lẹ́ẹ̀mejì, ó mi orí.

"Ó ti gùn jù láàárín. Ìhárín ni àwọn ọmọ yìí máa pè é."